Ìmọ̀ràn ni mo ń wá: fáàfù ṣáwà inú ògiri fún ilé àtijọ́ wa ní Ìsánlú

Olùbéèrè, Ìsánlú

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo kí tàgbà tèwe yín.

Ilé tí bàbá wa kọ́ sí Ìsánlú ni a ń tún ṣe lọ́wọ́, nítorí pé màmá wa ti kúrò ní Ìlọrin, wọ́n sì ti pinnu pé ilé ni àwọn yóò máa gbé láti ìsinsìnyí lọ. Yàrá kan tí ó kángun sí ẹ̀yìnkùlé ni a ń sọ di ilé ìwẹ̀, kí wọ́n má baà máa jáde lọ sí balùwẹ̀ àgbàlá nínú òtútù ọyẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ń gbé ní Kánádà ni yóò san owó ohun èlò, ó sì ti fi àwòrán irú èyí tí ó fẹ́ ránṣẹ́: ṣáwà tí fáàfù rẹ̀ wà nínú ògiri, tí a kò ní rí ju àwo pẹlẹbẹ kan àti ọwọ́ tí a fi ń yí i lójú táìlì, tí orí ṣáwà náà sì fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Ó wu èmi náà, nítorí pé ó mọ́ lójú, kò sì sí páìpù tí àgbàlagbà lè fi ara gbá. Ohun tí ń kọ mí lóminú ni pé ohun tí a bá ti rì mọ́ ògiri, tí a sì lẹ táìlì bò, kì í ṣe ohun tí a lè tú wò nígbàkigbà bí a ṣe ń tú ẹnu ẹ̀rọ.

Bí ilé náà ṣe rí nìyí. Mẹ́ta nínú ògiri yàrá náà jẹ́ ògiri amọ̀ àtijọ́ tí bàbá wa fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ìkẹrin ni ògiri búlọ́ọ̀kù oní-íǹsì 6 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi là á láàárín, tí yàrá ìkẹ́rù kékeré sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri amọ̀ tí ó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ni púlọ́ḿbà wa fẹ́ gbẹ́, nítorí pé òun ni ó sún mọ́ táǹkì jù. Omi bọ́họ́ọ̀lù ni a ń lò, a sì ń fà á sínú táǹkì orí òpó irin nígbà tí iná bá wà. Ìsàlẹ̀ táǹkì náà ga tó mítà 4 sí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀. A ti ra hítà oní-50 lítà.

Ǹjẹ́ irú fáàfù báyìí bá ilé wa mu? Bí ó bá bá a mu, kí ni kí n wò lára rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó sanwó? Èyí tí ń díwọ̀n gbígbóná omi fúnra rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń tẹnu mọ́ nítorí màmá, ṣùgbọ́n púlọ́ḿbà ní owó ìnákúnàá ni. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ògiri, mo sì ti ní kí ó dúró ná.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan, Mọ̀pà

Ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Kí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ tó dá yín lóhùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun méjì fún wa: ṣé inú táǹkì kan náà ni omi tútù àti omi hítà yóò ti máa wá? Irú páìpù wo ni wọ́n sì fẹ́ lò?

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun. Táǹkì kan náà ni. PVC ni púlọ́ḿbà ti rà fún méjèèjì.

Oníṣẹ́ omi, Kàbà

Ẹ kú ìnáwó o. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí màmá lò ó pẹ́. Ó dára púpọ̀ tí ẹ dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ páìpù kúrò nílẹ̀. PVC kò gbọdọ̀ gba omi gbígbóná kọjá, nítorí pé ó máa ń rọ̀ nígbà tí omi bá ti ń sún mọ́ ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ hítà ń gbé omi dé. Bí ó bá wà lójú táyé, ẹ óò rí i kí ó tó bàjẹ́. Bí ó bá wà nínú ògiri, ara ògiri ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. PPR, ìyẹn páìpù ike tí ó lè gba omi gbígbóná, ni kí ẹ lò, pàápàá jù lọ fún omi gbígbóná. Iná ni a fi ń so ó pọ̀, a kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́: irin ìsopọ̀ yóò gbóná tó 260, a óò ti ẹnu páìpù àti ìsopọ̀ rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó bá jẹ́ oní-20 mìlímítà a óò ka ìṣẹ́jú-àáyá 5, a óò fà wọ́n yọ, a óò sì ti ọ̀kan wọnú èkejì láìlọ́ ọ. Bí wọ́n bá so pọ̀ dáadáa, ẹ óò rí ètè kékeré méjì tí ó yọ yípo ibi tí wọ́n ti pàdé, tí wọ́n dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá sun ún jù, tàbí tí ó tì í wọlé jù, ètè kan náà yóò yọ sí inú, yóò sì dín ojú ọ̀nà omi kù, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i láti òde. Nítorí náà, ẹ ní kí ó so méjì kan lójú yín, kí ó sì fi ayùn là á sí méjì kí ẹ wo inú rẹ̀. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ kò ní bínú sí èyí.

Ó wá di ọ̀rọ̀ agbára omi, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣáwà olówó ńlá ti ń dójú ti onílé ní agbègbè wa. Kí omi tó lè ní agbára tí wọ́n ń pè ní bar 1, ó ní láti wà ní mítà 10 sókè ibi tí ó ti ń jáde. Ìdá kan nínú mẹ́wàá bar ni mítà kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Ìsàlẹ̀ táǹkì yín ga ní mítà 4, orí ṣáwà yóò sì wà ní nǹkan bíi mítà 2 sókè ilẹ̀. Mítà 2 péré ni ó kù, ìyẹn 0.2 bar, kí a tó yọ èyí tí ìgbọ̀nwọ́ páìpù àti inú fáàfù fúnra rẹ̀ yóò jẹ nínú rẹ̀. Ẹ má ka omi tí ó kún inú táǹkì mọ́ ọn, nítorí pé àárọ̀ ọjọ́ tí táǹkì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ ni màmá yóò fẹ́ wẹ̀. Ọ̀pọ̀ fáàfù inú ògiri tí wọ́n ń tà ni wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gba omi tí agbára rẹ̀ kéré sí 0.5 bar tàbí bar 1. Orí ṣáwà oní-30 sẹ̀ǹtímítà lórí 0.2 bar kò ní rọ̀ bí òjò. Omi yóò kàn máa kán láti àárín rẹ̀ ni. Oní-15 tàbí oní-20 ni kí ẹ lò, kí ó sì jẹ́ irú tí wọ́n kọ sí lára pé ó wà fún omi tí agbára rẹ̀ kéré.

Ní ti Kánádà, ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n yín pé kí wọ́n má ra fáàfù níbẹ̀. Ìdí méjì ni mo ní. Omi ìlú tí agbára rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n ń lò níbẹ̀, òun ni wọ́n sì ṣe fáàfù wọn fún. Èkejì ló léwu jù: eyín ìdè, ìyẹn ìlà ẹnu páìpù tí a fi ń yí ọ̀kan wọnú èkejì, tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà ń lò, tí wọ́n ń pè ní NPT, yàtọ̀ sí BSP tí ó wà lọ́jà wa. Ní ìwọ̀n ìlàjì íǹsì, eyín 14 ni àwọn méjèèjì ní nínú íǹsì kan, nítorí náà ọ̀kan yóò wọnú èkejì, yóò sì dà bí ẹni pé ó ti mú. Ṣùgbọ́n igun eyín NPT jẹ́ 60, ti BSP jẹ́ 55, wọn kì í sì í jókòó sára wọn dáadáa. Téèpù funfun yóò dí i fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sun nínú ògiri. Bí wọ́n bá fẹ́ rà á lókè òkun dandan, irú tí wọ́n ń tà fún àwọn ilé Gẹ̀ẹ́sì tí táǹkì wọn wà lókè àjà ni kí wọ́n wá. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ níbẹ̀ ni omi ti ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú táǹkì bíi tiwa, nítorí náà fáàfù tí ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú 0.1 tàbí 0.2 bar kò ṣọ̀wọ́n lọ́jà wọn, BSP sì ni wọ́n ń lò.

Bí ẹ bá fẹ́ lo pọ́ǹpù láti fi kún agbára omi, ẹ jẹ́ kí ó wà ṣáájú ibi tí páìpù ti pín lọ sí hítà àti sí omi tútù, kí agbára méjèèjì lè dọ́gba. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi páìpù kan yí pọ́ǹpù náà ká pẹ̀lú fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà, kí omi lè máa sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná. Ní tèmi, n kò ní kọ́kọ́ ra pọ́ǹpù. Bí ẹ bá lè gbé òpó táǹkì ga sí i ní mítà 2, agbára omi yín yóò di ìlọ́po méjì láìsan owó iná kankan.

Bíríkìlà, Ẹ̀gbẹ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa láti Kàbà. Ọ̀rọ̀ ògiri ni tèmi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ògiri amọ̀ yẹn.

Ògiri tí àwọn bàbá wa fi amọ̀ mọ kì í ṣe ògiri yẹpẹrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òjò, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ohun tí ó gbé wọn ró ni pé òrùlé bo orí wọn, sìmẹ́ńtì bo ara wọn, omi kò sì dé inú wọn. Bí omi bá ń sun láti inú wá, lẹ́yìn sìmẹ́ńtì àti táìlì tí kì í jẹ́ kí ó gbẹ, amọ̀ náà yóò máa yọ́ bí iyọ̀, ẹ kò sì ní mọ̀ títí táìlì yóò fi wú kúrò lára ògiri. Àwọn ògiri wọ̀nyí ló sì ru òrùlé. Nínú ilé búlọ́ọ̀kù, jíjò inú ògiri yóò ba ọ̀dà jẹ́. Nínú ilé amọ̀, ilé gan-an ni yóò bà jẹ́.

Ògiri búlọ́ọ̀kù tuntun yẹn ni ó yẹ kí ẹ lò, ohun tí ẹ sì sọ pé ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó mú inú mi dùn jù. Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ ojú ọ̀nà páìpù sára ògiri, òfin tí wọ́n fi kọ́ wa ni pé ojú ọ̀nà tí ó lọ sókè kò gbọdọ̀ jìn ju ìdá mẹ́ta ògiri lọ, èyí tí ó lọ gbọọrọ kò sì gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́fà lọ. Ìdá mẹ́ta íǹsì 6 kò ju íǹsì 2 lọ, ihò inú búlọ́ọ̀kù sì tún wà níbẹ̀ tí yóò fọ́ mọ́ òòlù lọ́wọ́. Fáàfù inú ògiri ń fẹ́ jíjìn tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nítorí náà ẹ má gbẹ́ ojú ọ̀nà kankan rárá. Ẹ jẹ́ kí gbogbo páìpù gba inú yàrá ìkẹ́rù, kí wọ́n fi kíláǹpù so wọ́n mọ́ ara ògiri níbẹ̀ ní gbangba, kí wọ́n sì yọ búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo níbi tí fáàfù yóò jókòó sí, kí wọ́n fi kọnkéré kékeré ṣe àtẹ́rígbà sí orí ihò náà. Láti inú ilé ìwẹ̀, àwo pẹlẹbẹ yẹn nìkan ni a óò máa rí, bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe fẹ́ ẹ. Láti inú yàrá ìkẹ́rù, ẹ fi ìlẹ̀kùn pákó kékeré bo ẹ̀yìn fáàfù. Ọjọ́ tí ohun kan bá jò, ìlẹ̀kùn yẹn ni púlọ́ḿbà yóò ṣí, kò ní fọwọ́ kan táìlì.

Ohun kan tún kù tí ó máa ń da àwa bíríkìlà àti púlọ́ḿbà pọ̀ láàárín iṣẹ́. Lójú fáàfù náà, ẹ óò rí ìdérí ike kan tí ó wá pẹ̀lú rẹ̀, tí wọ́n fa ilà méjì sí lára, tàbí tí wọ́n kọ ìwọ̀n méjì sí: èyí tí ó kéré jù àti èyí tí ó pọ̀ jù. Ojú táìlì, lẹ́yìn tí a bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín ilà méjèèjì. Kì í ṣe ojú búlọ́ọ̀kù ni a fi ń wọ̀n ọ́ o. Rírẹ́ ògiri lè tó mìlímítà 15 sí 20, sìmẹ́ńtì ìlẹ̀mọ́ táìlì lè tó 5, táìlì fúnra rẹ̀ a sì máa tó 8 tàbí 10. Bí fáàfù bá wọlé jù, ọwọ́ rẹ̀ kò ní dé ibi tí yóò ti yí i. Bí ó bá yọ jù, àwo rẹ̀ kò ní lẹ̀ mọ́ ògiri, omi ìwẹ̀ yóò sì máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Nítorí náà, ẹ ra táìlì kí púlọ́ḿbà tó gbé fáàfù sójú rẹ̀, kí ẹ fi táìlì kan gan-an wọ̀n ọ́. Ìdérí ike náà kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí àwọn onítáìlì yóò fi parí iṣẹ́.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan, Ìyàrà

Ẹ má bínú, ìmọ̀ràn tèmi yàtọ̀. Kí ni a fẹ́ fi inú ògiri ṣe? Míkísà tí ó wà lójú ògiri wà, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra ní mìlímítà 150. Ìwọ̀n yẹn kò yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, nítorí náà bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ẹ óò tú u, ẹ óò ra òmíràn ní Kàbà tàbí Lọ́kọ́jà, ẹ óò sì dè é padà lọ́jọ́ kan náà. A ń kọ́lé níbi tí ohun èlò ìpààrọ̀ ti jìnnà sí wa, ó yẹ kí èyí wà lọ́kàn wa nígbà tí a bá ń yan nǹkan. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín ni ó ń sanwó, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ wà nílé nígbà tí omi bá kọ̀ láti dá.

Oníṣẹ́ omi, Kàbà

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ògiri amọ̀ nìkan ni wọ́n ní, ohun tí èmi náà yóò sọ nìyẹn. Ọ̀nà yàrá ìkẹ́rù tí bíríkìlà là sílẹ̀ ni ó yí mi lọ́kàn padà, nítorí pé kì í ṣe inú ògiri ni fáàfù náà wà mọ́ tán. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá sì lo èyí tí ó wà lójú ògiri, ẹ rántí pé irin rẹ̀ máa ń gbóná bí omi gbígbóná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, kí màmá má baà gbá a mú.

Oníṣòwò ohun èlò omi, Lọ́kọ́jà

Mo kí yín o. Ohun tí mo ń tà ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó bi ẹni tí yóò ta á fún yín.

Ara fáàfù, ìyẹn apá tí yóò wà nínú ògiri, idẹ ni kí ó jẹ́. Àwọn kan wà tí wọ́n fi síǹkì dà, tí wọ́n sì fi kúróòmù bò. Bí ẹ bá kàn wo ojú wọn, ẹ kò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀, mágínẹ́ẹ̀tì kò sì ní mú èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí náà ẹ má gba ẹni tí ó bá ní mágínẹ́ẹ̀tì ni òun yóò fi dán an wò fún yín. Idẹ wúwo ju síǹkì lọ. Ẹ gbé méjì tí wọ́n jọra ní títóbi lọ́wọ́ kan lọ́wọ́ kan, lẹ́yìn náà kí ẹ yẹ inú ẹnu ìdè wò níbi tí kúróòmù kò dé: idẹ yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ níbẹ̀, síǹkì yóò funfun bí eérú. Bí ẹ bá rí DZR tàbí CR lára rẹ̀, idẹ tí ó ń kojú omi tí ń jẹ irin ni. Ọwọ́ àti àwo ojú ògiri lè jẹ́ ohun tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹ pààrọ̀ wọn nígbà tí ó bá wù yín. Ibi tí a kò ní rí ni kí ẹ náwó sí.

Àpò kan náà ni kí ẹ ti ra ara fáàfù àti ojú rẹ̀, tàbí kí ẹ rí i pé ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, nítorí pé ojú ti ọ̀kan kì í sábà wọ ara ti òmíràn. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti rí ìṣòro yìí, wọ́n sì ṣe àpótí inú ògiri kan tí oríṣiríṣi ojú tiwọn lè wọ̀: iBox universal tí Hansgrohe ti Jámánì gbé jáde ní 2001 jẹ́ ọ̀kan, Grohe náà ní SmartBox tirẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ojú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, ara rẹ̀ yóò wà níbi tí ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwọ̀n agbára omi tí ojú kọ̀ọ̀kan ń béèrè kí ẹ tó sanwó, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n láti Kàbà ti sọ.

Inú fáàfù ni ohun tí a ń pè ní kátíríìjì wà, òun ni ń ṣí omi, òun ni ń tì í, òun náà sì ni ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ní àwo sẹ̀rámíìkì méjì tí ń yí lójú ara wọn. Iyanrìn kékeré kan láti inú bọ́họ́ọ̀lù tó láti ha á. Ọjọ́ tí ẹ bá ń ra fáàfù ni kí ẹ ra kátíríìjì kan sí i, kí ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà fáàfù náà wé e, kí ẹ sì gbé e kọ́ sára ìlẹ̀kùn pákó inú yàrá ìkẹ́rù. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pé ẹ óò rí irú rẹ̀ lọ́jà lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ẹ sì fi asẹ́ sí ojú ọ̀nà omi láti táǹkì, níbi tí ọwọ́ ti lè dé e láti fọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀

Ọ̀rọ̀ owó ìnákúnàá tí púlọ́ḿbà sọ ni ó mú mi dá sí i. Fún ọ̀dọ́, bóyá. Fún ìyá àgbà, rárá o.

Awọ ara àgbàlagbà ti fẹ́lẹ́, ó sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé omi gbóná jù, ó tún máa ń pẹ́ kí wọ́n tó lè yẹra fún un. Omi tí ó gbóná tó 60 lè jó ènìyàn ní bíi ìṣẹ́jú-àáyá 5. Bẹ́ẹ̀ ni kò dára kí a rẹ hítà sílẹ̀ jù, nítorí pé kòkòrò àrùn máa ń pọ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ó bá dúró pẹ́. Kí hítà wà ní 60, kí fáàfù sì po omi náà sílẹ̀ sí 38 tàbí 40, èyí ni ó dára jù. Fáàfù tí ń díwọ̀n gbígbóná fúnra rẹ̀ ní bọ́tìnì kan tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ kọjá 38 àyàfi bí ènìyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìda kan wà nínú rẹ̀ tí ń wú bí omi bá gbóná, tí ń súnkì bí ó bá tutù, wíwú àti súnkì yìí ni ó sì ń ti ojú ọ̀nà omi gbígbóná tàbí ti omi tútù. Bí omi tútù bá dá lójijì, ó yẹ kí ó ti omi gbígbóná pa láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ẹ dán èyí wò kí màmá tó wọ ibẹ̀: ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, ẹ ti omi tútù láti yàrá ìkẹ́rù, ẹ sì wo ohun tí yóò jáde.

Ohun mìíràn ni pé, ṣé ẹ ti bi màmá fúnra wọn? Ọ̀pọ̀ ìyá wa ni kò fẹ́ kí omi máa dà lé wọn lórí. Wọ́n fẹ́ jókòó lórí àpótí, kí wọ́n fi igbá bu omi láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Fáàfù tí ó ní ọ̀nà àbájáde méjì wà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan lọ sí orí ṣáwà, kí èkejì lọ sí ẹnu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ fún bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tí ó ti pò dáadáa máa jáde níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ tún de irin ìdìmú mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù fún wọn, nítorí pé ohun tí ọwọ́ wọn bá kọ́kọ́ bà ni wọn yóò gbá mú nígbà tí ẹsẹ̀ bá yọ̀.

Olùbéèrè

Ọlọ́run yóò bù kún gbogbo yín. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín fún màmá létí, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì sì ni wọ́n gbà ju gbogbo rẹ̀ lọ: wọ́n ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ni àwọn fẹ́, kí a fi ṣáwà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ó gbà láti má ra ohunkóhun ní Kánádà, ó sì fi owó orí ṣáwà ńlá yẹn kún owó òpó táǹkì, èyí tí a óò gbé dé mítà 6. Ògiri yàrá ìkẹ́rù ni a óò lò, a óò dá PVC omi gbígbóná padà fún ẹni tí ó tà á, fáàfù adíwọ̀n-gbígbóná tí ó ní ọ̀nà àbájáde méjì tí ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú 0.2 bar ni a sì ń wá báyìí. Ìbéèrè mi tí ó kù ni pé, kí ni kí n rí kí n tó jẹ́ kí onítáìlì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

Oníṣẹ́ omi, Kàbà

Ìpinnu yín dára. Pẹ̀lú òpó oní-mítà 6, ẹnu ẹ̀rọ bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó wà ní nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà sókè ilẹ̀ yóò ní agbára tí ó ju 0.5 bar lọ, orí ṣáwà yóò sì ní nǹkan bíi 0.4. Bí ọ̀nà láti táǹkì dé yàrá ìkẹ́rù bá gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ lo páìpù oní-25 tàbí 32 títí dé ibẹ̀, kí ẹ tó sọ ọ́ di 20 ní ẹnu fáàfù.

Kí onítáìlì tó dé, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi ṣàn gba inú páìpù kọjá sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láìtíì fi kátíríìjì sí i, títí gbogbo èérún ike àti iyanrìn yóò fi jáde. Lẹ́yìn náà kí púlọ́ḿbà dí ẹnu àwọn páìpù, kí ó so pọ́ǹpù ọwọ́ tí ó ní aago tí ń ka agbára omi mọ́ ọn, kí ó sì gbé agbára rẹ̀ dé ìlọ́po kan àbọ̀ èyí tí ẹ óò máa lò, ó kéré tán. Èmi a máa gbé e kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ju èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé fáàfù lọ. Ẹ má fòyà bí aago bá wálẹ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí PPR máa ń fẹ̀ díẹ̀ nígbà tí agbára bá kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Kí ó tún un fà sókè, lẹ́yìn náà kí aago náà má ṣe yẹsẹ̀ mọ́ di ọjọ́ kejì. Ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ ra gbogbo ojú ìsopọ̀.

Ẹ wò ó pé omi gbígbóná wà lọ́wọ́ òsì, omi tútù lọ́wọ́ ọ̀tún, bí ẹ bá dúró nínú ilé ìwẹ̀ tí ẹ kọjú sí fáàfù. Ẹ ṣọ́ra, nítorí pé inú yàrá ìkẹ́rù ni púlọ́ḿbà yóò ti máa ṣiṣẹ́, òdìkejì ni òun yóò sì máa rí i. Fáàfù adíwọ̀n-gbígbóná tí a bá gbé omi rẹ̀ ní ìdàkejì kò ní ṣiṣẹ́ rárá. Kí fáàfù ìtìpa wà lórí páìpù kọ̀ọ̀kan nínú yàrá náà, kí fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sì wà pẹ̀lú wọn bí èyí tí ẹ bá rà kò bá ní i nínú. Ẹ na okùn òṣùwọ̀n sára ògiri, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí nǹkan wà lẹ́yìn tí táìlì bá bò ó.

Nígbà tí wọ́n bá de àwo ojú ògiri níkẹyìn, kí wọ́n fi sílíkóònù dí òkè rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìdí, kí omi tí ó bá jò lẹ́yìn rẹ̀ lè gba ibẹ̀ yọ sórí táìlì kí ẹ sì tètè rí i.